Ọ̀nà Oko Ni Ọ̀nà Eré Sísá

A kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún; bí èèyàn ò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ní abúlé, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹni tó wọ bàtà kánfáàsì àti ṣòkòtò péńpé bá ń sáré bọ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí àgbẹ̀ lọ́kàn ni pé wàhálà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ náà yóò nàró, yóò wo ẹ̀yìn ẹni tó ń sáré, yóò wá béèrè pé, “Kí ló dé? Kí ló ń lé yín?” Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa sáré ní ìgbèríko Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu kó tó kúrò nílé, nítorí pé àárín iṣẹ́ àti ilé àwọn ẹlòmíràn ló fẹ́ gbà kọjá.

Lójú tèmi, kò sí pápá eré sísá tó dára tó èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti là sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágẹlú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Títì ọlọ́dà le fún orúnkún, èéfín mọ́tò kún ibẹ̀, awakọ̀ kì í sì í ro ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà oko rọ̀ lẹ́sẹ̀, igi ṣíji bò ó, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ló là á, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn gbà tí kò nídìí. Ẹni tó bá mọ ìdí náà ni yóò mọ ibi tó yẹ kó sáré gbà, ibi tó yẹ kó ti rọra rìn, àti ibi tó yẹ kó ti padà sẹ́yìn.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn kó tó di ìlú àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886, tí Ìbàdàn sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1893, àwọn jagunjagun àti ará ilé wọn kọjú sí ilẹ̀. Ilé wà nígboro, abúlé wà lóko. Baba kan lè ní agbo ilé ní Bẹẹrẹ, kí oko kòkó rẹ̀ sì wà ní ìhà Akanran. Àárín méjèèjì ni tọmọtọmọ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ẹni tó ru agbọ̀n obì tàbí kòkó kì í fẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga gan-gan, kì í sì í fẹ́ kó sí ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà oko àtijọ́ fi máa ń tọ ẹ̀yìn òkè lọ, tó máa ń yí ká gba ibi tí ìgòkè ti rọrùn, tó sì jẹ́ ibi tí odò ti tínrín jù lọ ló máa ń sọdá. Nígbà tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, tí ojú irin sì kọjá gba Lálùpọn lọ sí Òṣogbo, àwọn ọ̀nà mìíràn tún là láti abúlé dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó ẹrù.

Àwọn tó mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ti fi wọ́n jìjàgbara rí. Láàárín 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà yarí lórí owó orí tó pọ̀ jù, Akanran wà lára ojúkò ìjà náà, Tàfá Adéoyè sì ni olórí tí gbogbo ayé mọ̀. Àgbẹ̀ mọ ibi tí ọ̀nà gbà já sí abúlé kejì. Ọlọ́pàá tó gbé mọ́tò wá láti ìgboro kò mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nípa ilẹ̀ yìí ni ibi tí omi ń ṣàn sí. Odò Ọ̀nà, Ògùnpa, Ògbèrè, Ọmì, àti Ọ̀ṣun tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, ìhà gúúsù ni wọ́n ń dorí kọ. Àwọn òkè tó wà láàárín wọn nà lọ bẹ́ẹ̀ náà, láti àríwá sí gúúsù, pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀. Òkúta líle tí òjò kò tètè rí fọ̀ ló wà nínú àwọn òkè náà. Ilẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ lọ́tùn-ún lósì ni omi ti wọ́ lọ láti ayébáyé. Ẹni tó bá dorí kọ àríwá tàbí gúúsù lè wà lórí ẹ̀yìn òkè kan náà fún ìgbà pípẹ́ láì fẹsẹ̀ kan omi. Ẹni tó bá dorí kọ ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sọdá odò, yóò tún gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lórí títì, ẹ wo ọ̀nà Ifẹ̀ láti Ẹgbẹ́dá sí Aṣéjire, bí mọ́tò ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ títí yóò fi kan Ọ̀ṣun.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú fóònù láti wo máàpù, ẹ ti lè mọ irú eré tí ẹ ó sá. Ẹni tí kò tíì sáré rí kó máa lọ síwá-sẹ́yìn lórí òkè kan. Ẹni tó fẹ́ kí itan òun le kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Òkè wa kò ga bí ti Ìdànrè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, láti etí odò dé góńgó òkè kò ju nǹkan bí mítà 50 tàbí 60 lọ, ìyẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ní 1892, ará Scotland kan tó fẹ́ràn gígun òkè, William Naismith, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí wọ́n sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí wọ́n bá gùn. Ẹsẹ̀ bàtà 2,000 jẹ́ nǹkan bí mítà 600, nítorí náà òkè mítà 60 kan yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kún ìrìn. Bí ọ̀nà yín bá sọdá odò mẹ́rin, tó sì gun òkè mẹ́rin, ìṣẹ́jú 24 ti kún un láì tíì ka ìdúró létí omi. Ẹni tó ń sáré yóò yá ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò ní ṣàì san gbèsè náà. Ní Òbúdù, Ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje sísáré gun òkè ní 2005, kìlómítà 11.25 ni wọ́n fi ń gun òkè kan ṣoṣo. Òkè kéékèèké tí kì í tán ni tiwa, ó sì gba sùúrù tirẹ̀.

Rírìn la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ó yẹ kí ẹ sá eré lórí rẹ̀ tí ẹ kò bá tíì rìn ín ní ọ̀sán, pẹ̀lú ọmọ abúlé kan níwájú. Bí ẹ bá dé oríta, ẹ wolẹ̀. Ọ̀nà tó dán, tó le, tí koríko kò hù láàárín rẹ̀, ọ̀nà abúlé sí abúlé ni, yóò já. Èyí tí èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérú wà lórí rẹ̀ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí. Èyí tó tutù, tí ipasẹ̀ ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, tó sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ọ̀nà omi ni. Ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ni yóò tán sí, ẹ ó sì padà gun òkè náà lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó tínrín, tí ewé Akíntọ́lá ti fẹ́ pa ojú rẹ̀ dé, ó lè jẹ́ ọ̀nà ahéré ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà ọdẹ. Ẹ fi ọ̀nà ọdẹ sílẹ̀ fún ọdẹ. Tàkúté kò mọ ẹsẹ̀ ẹran yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣeré ìdárayá.

Ibi ìsọdá odò ló yẹ ká dúró wò jù. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n sábà máa ń gé lulẹ̀ fi ṣe afárá, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orí bá ṣe wọ́n lóore, ẹyọ kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ara igi náà gbẹ, ó rí págunpàgun, bàtà ń dì í mú. Ẹ padà wá lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta: ohun tútù kan ti hù bò ó, ó ti ń yọ̀ bí ilá. Ẹ wo obìnrin tó ru korobá omi bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Kì í yára, kì í sì í wo omi. Yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé igi, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò wá ṣí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sóde díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì wà ní òdìkejì títí yóò fi dé ibẹ̀. Kò sí olùkọ́ eré sísá tó lè kọ́ èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi afárá, ẹ má sáré.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà, ẹ yan ìhà tí ẹ ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ọ̀nà tó yípo padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ dára ju ọ̀nà lọ-kí-o-bọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a fi apá ọ̀tún yí i, ọ̀tọ̀ ni kí a fi tòsì yí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé ibi tó ga gan-gan ni kí ẹ máa gùn, kí ẹ sì gba ibi tó rọra ń tẹ̀ kalẹ̀ sọ̀. Ìgòkè máa ń gba èémí, èémí sì ń padà. Ìsọ̀kalẹ̀ orí yangí gíga ló ń ba orúnkún jẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú yangí sì máa ń yí lábẹ́ bàtà.

Ti àmì ńkọ́? Ní 1938, ní Kuala Lumpur, àwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì kan dá ẹgbẹ́ Hash House Harriers sílẹ̀: ẹnì kan tàbí méjì yóò ṣáájú, wọn yóò máa ju bébà sílẹ̀ nínú igbó, àwọn yòókù yóò sì máa wá ipa wọn. Eré náà tàn káyé, ó sì dé Nàìjíríà. Eré tó dùn ni, ṣùgbọ́n ní abúlé wa, ohun tí a ń jù sílẹ̀ gba ìrònú. Bó bá jẹ́ bébà tàbí ọ̀rá, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi ẹfun tàbí ìyẹ̀fun funfun sàmì sí oríta, ẹni tó bá jí bá a níbẹ̀ yóò gbà pé ẹbọ ni, ẹ ó sì ti fi eré ìdárayá dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ lábúlé ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn: ẹni tó ṣáájú yóò já ewé tútù, yóò fi dí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò ní gbà. Gbogbo ará oko ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá di ọ̀la, ewé á ti rọ, ilẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà.

Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń lọ títí di oṣù kẹwàá, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Kí ìsinmi náà má tan ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa ya, tí ó gbé ilé, mọ́tò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó ju mìlímítà 180 lọ rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ó já afárá káàkiri Ìbàdàn, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Omi tó ń yalé nígboro, òkè ni ó ti ń bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ̀yìn òkè ni kí ẹ wà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Bí ẹ bá sì ti wà létí odò, ẹ wo àwọ̀ omi: omi tó pọ́n, tó ń gbé ìtì àti ewé lọ, ṣì ń kún ni. Bí kò bá tíì ju kókósẹ̀ lọ nísinsìnyí, ó lè dé ìgbáròkó kí ẹ tó bọ̀. Ẹ padà.

Ọyẹ́ ni àsìkò tó dùn jù láti sáré. Àárọ̀ tutù, ilẹ̀ gbẹ, àkùrọ̀ tí kò ṣeé gbà lásìkò òjò ti di ebè ẹ̀fọ́ tí a lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni yèrèpè gbó. Irun ara èso rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, bó bá sì kan awọ ara tó ti làágùn, ẹni náà kò ní lè ronú nǹkan mìíràn. Ẹ mọ igi tó fà mọ́, kí ẹ yà fún un. Labelábe wà létí odò ní gbogbo ìgbà, ó sì ń ya èèyàn lẹ́sẹ̀. Ṣòkòtò tó bo orúnkún ló kápá rẹ̀. Iná ìgbẹ́ tún wà lásìkò ọyẹ́ bákan náà. Bí ẹ bá rí èéfín níwájú, ẹ má ṣe dán an wò bóyá ẹ ó lè sáré kọjá.

Agbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ kò rí bákan náà. Ní Akínyẹlé, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́, igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, jẹ́ ohun tí ojú ń fẹ́ rí. Ní 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà sílẹ̀ lórí nǹkan bí hẹ́kítà 1,000 ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti abúlé tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí hẹ́kítà 350 níbẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó, igbó sì padà hù: igi ńlá, ìtàkùn, òkùnkùn ọ̀sán. Ẹyẹ kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè, Malimbus ibadanensis, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1958, wà lára àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹnu géètì la ti ń tọrọ àyè kí a tó wọlé. Lójú mi, ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó tóbi jù pé ilẹ̀ Ìbàdàn kò gbàgbé bí a ṣe ń ṣe igbó. Ìsinmi ló ń fẹ́.

Ní Lágẹlú, ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ ní ìhà Lálùpọn tẹ́jú ju gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká lọ, nítorí pé àwọn tó la ojú irin gé orí òkè, wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí kòtò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ má sáré lórí rélù fúnra rẹ̀. Ní Ẹgbẹ́dá, Aṣéjire ni ojúkò: omi Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ọ̀nà àwọn apẹja ló yí adágún náà ká, àwọn tó ń ta ẹja létí títì sì lè júwe èyí tó já. Ní Ọ̀nà-Àrà, ní ìhà Akanran àti Bádéku, abẹ́ kòkó ni ìbòòji ti pọ̀ jù. Ewé kòkó gbígbẹ máa ń bo ilẹ̀ débi pé ẹ kò ní rí gbòǹgbò, ẹ kò sì ní rí paramọ́lẹ̀, tí kì í tètè sá fún èèyàn. Ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa dún.

Ó wá ku àwọn tó nilé. Kí ẹ tó sáré gba abúlé kan kọjá nígbà àkọ́kọ́, ẹ lọ kí Baálẹ̀. Kò gba ju pé kí ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ìlera ni ẹ ń wá. Baálẹ̀ yóò sọ ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ wá, nítorí orò tàbí nítorí òkú àgbà. Yóò sọ igbó tí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí màrìwò tí wọ́n ta sójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni eré yín parí sí lọ́jọ́ náà. Lójú ọ̀nà, ẹ dẹ eré sílẹ̀ bí ẹ bá ti tó ìwọ̀n tí ohùn lè dé. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá! Àroko-bọ́dún o!” Bàbá yóò ní “Àṣẹ o,” ìbẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ yóò sì kúrò. Ẹni tó sáré kọjá lára àgbàlagbà láì kí i ti ba ọ̀nà náà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi ewé bò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n pa àwọn èèyàn léraléra ní Akínyẹlé, àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì wà lára wọn, títí gbogbo agbègbè náà fi ń fi ìbẹ̀rù sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀, ó sì yẹ kó wà lọ́kàn wa. Kí ẹnikẹ́ni má dá sáré nínú igbó. Ẹ lọ ní ẹgbẹ́, ọmọ abúlé kan láàárín yín, kí ẹni tó wà nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ìgbà tí ẹ ó dé. Ẹ má fi ohun tó ń kọrin dí etí. Etí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìbọn ọdẹ, màlúù, àti ọ̀kadà tó ń já kọ́nà bọ̀.

Ewu tó ń bá àwọn ọ̀nà náà fúnra wọn ló ń dùn mí jù. Ìgboro ń fẹ̀. Òpópónà ayíká Ìbàdàn, kìlómítà 110, ń la oko kọjá, ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti di ti àwọn tó ń ta púlọ́ọ̀tì. Wọn yóò mọ ògiri, ọ̀nà tí ìran mẹ́rin ti gbà yóò kan ògiri náà, yóò sì kú, torí pé kò sí lórí ìwé kankan. Ní England, òfin 1949 pa á láṣẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè pé kí wọ́n ya ọ̀nà ẹsẹ̀ gbogbo sórí máàpù, èyí tó bá sì ti wà níbẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ kò lè dí i bó ṣe wù ú. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára wa mọ. Fóònù tó ń ka kìlómítà yín ń ya ọ̀nà náà lákòókò kan náà. Ẹ béèrè orúkọ odò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbà, orúkọ oríta, orúkọ ẹni tó tẹ abúlé dó, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà lórí máàpù, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo afárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ fún Baálẹ̀ ní ẹ̀dà kan, ẹ mú ìkejì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Mọníyà, Ìyànà Ọfà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran, kí ẹ sì ní kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á.